Bí A Bá Jẹ́ Ẹbí Kan, Ta Ló Jẹ Olùkọ́ Lówó?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀yin awakọ̀,

Fọ́ọ̀mù kan dé ọwọ́ púpọ̀ nínú wa ní òpin táàmù tó kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ, èyí tí kò jìnnà sí géètì ilé-iṣẹ́, ló fi rán àwọn ọmọ sílé. Ojú ewé méjì ni. Ní ojú ewé kìíní, wọ́n kọ ọ́ pé “ẹbí kan ni gbogbo wa.” Ní ojú ewé kejì, níbi tí lẹ́tà ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kò lè kà á láìlo awò, wọ́n kọ ọ́ pé bí ìjọba bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àjàkálẹ̀-àrùn tàbí nítorí ohunkóhun, òbí yóò san owó ilé-ìwé pé, kò sì ní béèrè kọ́bọ̀ padà. Wọ́n ní kí a fọwọ́ sí i, kí a dá a padà kí ọmọ tó wọlé.

Àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yìí ń sọ fún yín pé: ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ san owó. A ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a kò rí ibì kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bí a bá san owó náà pé, olùkọ́ yóò gba owó oṣù rẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé nìyẹn.

ẸBÍ ORÍ FÓÒNÙ

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí, nítorí a máa ń tètè gbàgbé ìyà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára àlejò ará Ítálì kan tó gba Èkó wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní Èkó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti ní Àbújá; ti Ògùn tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó dẹ okùn náà díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ bí ó ti rí: ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n owó tí ọlọ́kọ̀ ń retí kò dúró. Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ náà mọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wa ló gba ààbọ̀ owó oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò sì gba nǹkan kan.

Nínú ìnira yẹn ni ìfilọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé sórí WhatsApp. Ìfilọ̀ kìíní: kí a máa gbàdúrà, kí a máa fọ ọwọ́, ẹbí kan ni wá. Ó dùn mọ́ wa nínú. Ìfilọ̀ kejì: ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, kí òbí ra détà. Ìfilọ̀ kẹta: fọ́tò àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín; ọmọ àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìfilọ̀ kẹrin: ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá tíì san owó táàmù kẹta, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kíláàsì orí fóònù. Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá padà ní oṣù Kẹjọ láti ṣe ìdánwò WAEC, ìfilọ̀ karùn-ún dé: kí ọmọ mú ìbòmú wá, kí òbí san owó ọṣẹ apakòkòrò àti owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta àti fóònù kan ṣoṣo mọ ohun tí a ń wí. Bí bàbá bá gbé fóònù jáde láti wá oúnjẹ, kíláàsì ti bá a lọ. Nígbà tó bá fi máa dé ní alẹ́, ohùn olùkọ́ mẹ́ta ti kún inú rẹ̀, détà ti tán, NEPA ti mú iná lọ. Ìjọba Èkó àti ti Ògùn gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n rédíò kì í yẹ iṣẹ́ ọmọ wò.

A kó gbogbo ìfilọ̀ wọ̀nyẹn jọ, a tún wọn kà kí a tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tó dárúkọ owó oṣù olùkọ́.

OHUN TÍ ÌFILỌ̀ KÒ SỌ

Àwọn olùkọ́ gba owó oṣù Kẹta. Láti oṣù Kẹrin ni wọ́n ti sọ fún wọn pé kò sí owó, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ lórí fóònù, nítorí pé ẹbí kan ni gbogbo wa. Détà tí wọ́n fi ń kọ́ni, àpò ara wọn ni wọ́n ti mú un. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba tó bẹ́ẹ̀ kí àrùn tó dé.

Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọ̀kan nínú wa ní ìṣirò, a bá a níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, ó ru búlọ́ọ̀kù. Ó rí wa, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ dé sórí fóònù: “Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ mú ìwé yín.” Olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ń rán ìbòmú tà ní ojú títì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó ti ń gbé ọmọ wa lọ gbé wọn bọ̀ láti ọdún mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ sí i; ó dé géètì, ó bá àgádágodo. Ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ padà sílé pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́dẹ nìkan ni wọ́n dá sí, wọ́n ní kó máa sùn nínú ọgbà, kó máa ṣọ́ ọ, ní ààbọ̀ owó.

Ṣé ẹbí nìyẹn? Nínú ẹbí tí àwa mọ̀, bí oúnjẹ kò bá tó, wọ́n á bù ú ní kékeré kí ó lè kárí ilé. Olórí ẹbí kì í ti ìkòkò mọ́ yàrá, kí ó wá dúró lójú fèrèsé kí ó máa kọrin ìrẹ́pọ̀ fún àwọn tí ebi ń pa.

Ẹ̀BI TIWA

Ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ gé owó wa sí ààbọ̀, a lọ sí ọ́fíìsì máníjà, a sọ fún un pé ọmọ kì í jẹ ààbọ̀ oúnjẹ. Ẹgbẹ́ dúró gbọn-in, a sì rí díẹ̀ gbà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ ọmọ wa kò gba kọ́bọ̀, a ní ọ̀rọ̀ wọn ni. Àwọn kan nínú wa tó gba owó pé kò san náírà kan, wọ́n ní ọmọ kò wọ kíláàsì. Àwọn mìíràn jẹ gbèsè, wọ́n kó ọmọ lọ sí ibòmíràn nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, wọ́n sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá títí di òní. Gbèsè yẹn kò dun onílé-ẹ̀kọ́ nìkan. Òun ni àwáwí tó ń nà sí àwọn olùkọ́ títí di òní: “Àwọn òbí kò san owó.”

ONÍLÉ-Ẹ̀KỌ́ NÍ ÒUN NÁÀ JÌYÀ

A gbà. Onílé ń béèrè owó ilé, báńkì ń béèrè èlé, òbí ń sá. Ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké wà tó ti ilẹ̀kùn nígbà náà tí kò ṣí i mọ́. A kò sọ pé onílé-ẹ̀kọ́ ń tẹ owó ní yàrá. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá ní kò sí, kí ó ṣí ìwé kí a wò ó. Àwọn òbí tó san owó táàmù kẹta ń bẹ. Àwa náà wà lára wọn. Ibo ni owó yẹn gbà?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò kan tí wọ́n pè ní Survival Fund, láti bá àwọn okòwò kéékèèké san owó òṣìṣẹ́ wọn fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún. Owó tí òṣìṣẹ́ kan lè rí gbà tó 50,000 náírà lóṣù. Ǹjẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwa forúkọ sílẹ̀? Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ta ló kọ síbẹ̀? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé? Àwọn olùkọ́ kò lè béèrè, nítorí ẹni tó bá dá nìkan béèrè ni wọn yóò ní kó máa lọ ilé.

Olùkọ́ ìjọba ní NUT. Ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì, olùkọ́ ìjọba ní Èkó ṣì ń gba owó oṣù. Àwọn onílé-ẹ̀kọ́ aládàáni pàápàá ní ẹgbẹ́ tiwọn, NAPPS. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Onílé-ẹ̀kọ́ mọ iyì ẹgbẹ́ fún ara rẹ̀. Kí ló wá dé tí olùkọ́ tó bá dárúkọ ẹgbẹ́ fi di ọ̀tá?

ÀWỌN TÓ NÍ KÍ A KÓ ỌMỌ KÚRÒ

Ẹlẹgbẹ́ wa kan dìde nípàdé, ó ní kí a kó ọmọ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kí a fi ọ̀rọ̀ àwọn olówó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ló sọ ọ̀pọ̀ bàbá wa di ẹni tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ní 1980, Jákàńdè fẹ́ fòpin sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní Èkó. Àwọn onílé-ẹ̀kọ́, tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie wà lára wọn, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, kóòtù sì sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti jẹ owó òṣìṣẹ́.

Ẹgbẹ́ yóò máa bá ìjọba fà á kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ àti awakọ̀ tó ń jáde ní agogo mẹ́rin ìdájí nílò ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí, tó ń gba ọmọ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí a bá tilẹ̀ kó ọmọ lọ lọ́la, olùkọ́ tó ru búlọ́ọ̀kù yẹn kò ní gba owó rẹ̀ nítorí pé a lọ.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

1. Kí òbí kankan má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà títí wọn yóò fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà ní títì, òbí yóò san ìpín tí a jọ fẹnu kò lé, owó olùkọ́ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ni yóò sì kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀.

2. Kí onílé-ẹ̀kọ́ ṣí ìwé owó fún ìgbìmọ̀ òbí méjì àti olùkọ́ méjì ní òpin táàmù kọ̀ọ̀kan.

3. Kí olùkọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, alásè àti ọlọ́dẹ gba lẹ́tà iṣẹ́ tí owó oṣù wọn wà nínú rẹ̀.

4. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jẹ owó láti ọdún 2020 wá san án díẹ̀díẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ náà, kí owó náà sì lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ lówó.

5. Kí wọ́n má ṣe lé olùkọ́ kankan nítorí ẹgbẹ́. Abala 40 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tàbí láti wọ inú rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè àádọ́ta ènìyàn kí wọ́n tó lè forúkọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan lè má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní àdúgbò yìí yóò tó. Yàrá ìpàdé ẹ̀ka wa ṣí sílẹ̀ fún wọn, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará, ní 2014, Ebola mú kí wọ́n sún ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ síwájú. Ní 2020, Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ fún oṣù mélòó kan. Ní oṣù Karùn-ún 2023, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Ìyẹn kò ní kí òmíràn má wá. Onílé-ẹ̀kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ti tẹ fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Àwa ńkọ́?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òbí nìkan kò lè ṣe é, olùkọ́ nìkan kò lè ṣe é. Ẹ mú fọ́ọ̀mù yín wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, láìfọwọ́ sí i. Kí olúkúlùkù yín sì mú olùkọ́ kan dání.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!

Àwa aṣojú yín, ní orúkọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka.