Ajá Tí Ò Lè Mí Kì í Ṣe Ọjà

Ẹ̀yin ará mi ní Woolwich àti Thamesmead, ọ̀rọ̀ tó ń kiri lórí WhatsApp yẹn, pé ká dáwó jọ ra abo French bulldog méjì ká máa ta ọmọ wọn, èmi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ yéé dá sí i.

Ẹ dúró ní Beresford Square lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú díẹ̀. Ẹ ó rí ajá onímú pẹlẹbẹ láàárín àwọn ìsọ̀, ojú ẹ̀ là kedere, síbẹ̀ ó ń hanrun. Àwọn èèyàn wa á máa rẹ́rìn-ín pé ó ń ṣe bíi bàbá àgbà. Ẹ̀rín kọ́ o! Ihò imú ẹ̀ ló fún, ẹran ẹ̀yìn àjà ẹnu ẹ̀ sì dí ọ̀nà ọ̀fun. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹ-hẹlẹ ló fi ń mú ara ẹ̀ tutù. Èyí tí ò rí èémí mí ńkọ́?

Ajá ilé wa ní Nàìjíríà, abẹ́ igi máńgòrò ló ń bímọ sí lóru, ilẹ̀ á mọ́ ẹ ó kàn rí ọmọ mẹ́fà. Ìwádìí kan tó jáde ní UK níbí lọ́dún 2010 fi hàn pé nínú 100 ìgbà tí French bulldog bá bímọ, ó lé ní 80 tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ. Orí ọmọ tóbi, ìbàdí ìyá há. Èèyàn ló fọwọ́ ara ẹ̀ sìn ín débẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2018, òun ni Kennel Club forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ jù.

Àwa dókítà ẹranko gan-an ló ń bí mi nínú jù. A ó la ihò imú lónìí, a ó gbẹ́bí lọ́la, a ó gbowó, a ò ní sọ fún olówó ajá pé èyí ò gbọdọ̀ bímọ mọ́, torí ẹ̀rù ń bà wá pé á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ òfin ìwé àṣẹ England ti ọdún 2018 sọ ọ́ tààrà: ajá tí bí ara ẹ̀ ṣe rí lè kó ìyà jẹ ọmọ ẹ̀, ẹni tó níwèé àṣẹ ò gbọdọ̀ fi í bímọ. Kánsù ló ń fúnni níwèé, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ọ̀fun ajá?

Ẹlòmíràn á ní òyìnbó ló dá a sílẹ̀, ìgbà tó kan àwa láti pawó ni ìwàásù dé. Mo gbọ́. Ọ̀fun ajá ọ̀hún ò tìtorí ìyẹn là.

Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé, kó bi dókítà ẹ̀ pé: "Ṣé ó yẹ kí eléyìí bímọ?" Kó má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì ti dáwó, kó yára gba owó ẹ̀ padà kí wọ́n tó ra ajá.