Ta Ló Ń Lé Ọmọ Kúrò Nídìí Ayò?

Ìrọ̀lẹ́ wo lẹ máa gba Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnká kọjá tí ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ń ta ayò tàbí dráàfù? Iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni, tàbí ìdí mẹkáníìkì, tàbí abẹ́ igi tí fọ́kanáísà ń lò. Ariwo ló máa kọ́kọ́ júwe ibẹ̀ fún yín. Ẹ wá wò ó dáadáa: àwọn wo ni kò sí níbẹ̀? Ọmọdébìnrin tó gbé àwo ọjà kọjá, tó ní kóun dúró wòran díẹ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ yìí, ṣé ìyá ẹ ò rán ẹ níṣẹ́ ni?" Ọmọ tí apá òun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, abẹ́ àtẹ ìyá rẹ̀ ló wà láti àárọ̀. Òfin ìdí ayò náà sì tún le: ẹni tí wọ́n bá pa, kó dìde. Ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ bá ń falẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó jókòó débi tí wọ́n máa pa á.

Ọmọ Ìkòròdú kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí yọ, Túndé Ọnàkọ̀yà lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun àti Shawn Martinez, ará Amẹ́ríkà, jókòó sí Times Square ní New York, wọ́n fi odidi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì láìsí pé ẹnì kan nínú wọn lọ sílé lọ sùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún padà síbẹ̀, ó di 64 wákàtí. Ariwo ta káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n New York kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Odò, n'Íkòròdú, ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni Túndé ti kọ́kọ́ rí ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó wà lọ́mọdé. Owó ilé-ìwé ò sí nílé wọn nígbà náà, ìyá rẹ̀ ló lọ ń gbálẹ̀ ní ilé-ìwé kan kí wọ́n lè gba ọmọ náà wọlé. (Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń ka èyí, irú ẹ̀ ò ṣàjèjì sí yín.) Ọmọdé tó dúró ń wòran ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọn ò lé e dànù. Ká ní wọ́n lé e ni, ibo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n?

Ẹni tó bá mọ dráàfù ta kò ní pẹ́ mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Ilé 64 ló wà lórí pátákó rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 16: ọba, olorì, ẹṣin, títí kan àwọn ọmọ ogun tó ń ṣáájú. Ọba ni wọ́n ń lé kiri. Kò bèèrè ẹsẹ̀ tó lè sáré, kò bèèrè bàtà bọ́ọ̀lù. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé kì í ṣe eré ìdárayá o, nítorí láti ọdún 1999 ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé ti fọwọ́ sí àjọ tó ń darí rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Túndé kó pátákó, ó lọ sí Májìdun, n'Íkòròdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Chess in Slums Africa ló sọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n dé Mákòkó, lórí omi. Wọ́n dé abẹ́ afárá Òṣòdì, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí èrò ọkọ̀ máa ń di àpò mú bí wọ́n bá ti rí wọn.

Ní Mákòkó, lọ́dún 2021, wọ́n ní kí àwọn ọmọ bára wọn díje. Ta ló gba ipò kìíní? Ọmọ ọdún 10 kan ni, tó ní àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy, èyí tí kì í jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ gba àṣẹ ọpọlọ. Háà! Ó na àwọn tó ń sáré kiri. Làákàyè ọmọ náà ò ṣàárẹ̀ rárá, ẹni tó máa sún àga fún un ni kò tíì dé tẹ́lẹ̀.

Kì í sì í ṣe ṣẹ́ẹ̀sì nìkan. Mariam Ẹniọlá Bọ́lájí, ọmọbìnrin tó ní ìpèníjà ẹsẹ̀, gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú badminton ní Paralympics tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 2024. Ọmọ Áfíríkà kankan ò gba irú ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Ìyá kan á ní, "Ṣé ayò ló máa bá mi san owó ṣọ́ọ̀bù?" Òótọ́ ni, kò ní san án. Àmọ́ owó tí Túndé ń fi 60 wákàtí yẹn wá, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni, mílíọ̀nù kan dọ́là ló fojú sùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ló ti rí ẹni gba owó ìwé wọn rù.

Ojú àwọn èèyàn ló burú jù. Ìyá tó pọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sọ́jà mọ bí wọ́n ṣe ń wo òun, ìyẹn ló ṣe ń fi aṣọ bò ó sábẹ́ àtẹ. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni bá a wí. Àwọn tó ń pariwo nídìí ayò níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọn ò sún bẹ́ǹṣì rí, àwọn ló yẹ kí wọ́n dáhùn.

Kì í ṣe ohun tó ń gba owó. Káfíńtà mélòó ló wà ní Ìsàlẹ̀ Òsì tí àjákù pátákó ń dí lọ́wọ́? Ìdérí mínírà á ṣe ọmọ dráàfù. Ayò ọlọ́pọ́n tilẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ihò 12, ọmọ ayò 48. Wákàtí kan kí wọ́n tó pe ìrun Àṣárì, ẹ yọ̀ǹda pátákó kan fáwọn ọmọ, láìsí owó tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀, láìsí pé ẹni tí wọ́n pa gbọ́dọ̀ dìde. Kí ọmọdébìnrin náà sọ àwo rẹ̀ kalẹ̀, kí ìyá tó wà nítòsí bá a fojú ṣọ́ ọjà. Bí ọwọ́ ọmọ kan ò bá sì lè gbé ọmọ ayò, kó fẹnu sọ ilé tó fẹ́ kó lọ, kí ẹni tó jókòó tì í bá a gbé e síbẹ̀.