Ògiri Tí Ó Lanu

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òwe ni, ṣùgbọ́n ògiri gan-an ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa sọ ní oṣù yìí. Ẹni tí ó bá rìn láti Ìjerò lọ sí Àrámọkọ, tí ó sì yà sí Ẹ̀fọ̀n, yóò rí ilé àwọn bàbá wa tí ògiri inú wọn ń sán, tí ìrẹ́ ara wọn ń bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ: "Ẹ wó o." Àwa ń béèrè pé, ta ni ó ti yẹ̀ ẹ́ wò ná?

Ìwé Léfítíkù, orí 14, kọ́ wa pé nígbà tí àrùn bá hàn lára ògiri ilé, àlùfáà kò ní sọ pé kí a wó o lójú ẹsẹ̀. A ó ti ilé náà fún ọjọ́ 7, a ó yọ òkúta tí ó bàjẹ́, a ó ha inú rẹ̀ yíká, a ó sì fi amọ̀ mìíràn rẹ́ ẹ. Àfi bí àrùn náà bá tún padà ni a tó lè wó o.

Àwa tìkara wa jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà kan, a fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ògiri amọ̀ ilé bàbá wa, a rò pé a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí ó fi wú, tí ó sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ. Amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u jáde, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì sé omi náà mọ́ inú ògiri.

Àwọn bàbá wa kì í kánjú. Wọn a fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọn a fi í sílẹ̀, wọn a tún un pò. Ní ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri, ìpele kan a gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Àwọn ìyá wa a sì fi ẹrẹ̀ kíkúnná pa inú ilé títí yóò fi máa dán.

Ẹni tí ó fẹ́ tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe, kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, nítorí bí òrùlé bá ń jò, asán ni ìrẹ́. Kí ó fi ìka kan ògiri. Ibi tí ó bá dún bí igbá òfìfo, kí ó ha á kúrò. Kí ó wọ́n omi sí i, kí ó po irú amọ̀ kan náà mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kí ó sì rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ilé búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tí à ń pè ní POP, òkúta gypsum tí a fi iná yan tí a sì lọ̀ ni. Bí omi bá kàn án, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò le. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀jáfáfá ń pò ó, kì í sì í lò ó níbi tí omi ń dé. Amọ̀ funfun kaolin tí ó wà nílẹ̀ Ìjerò pàápàá wúlò fún ṣíṣe ọ̀dà. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni a ń wá fún iṣẹ́ yìí. A kò bínú sí wọn. Wọ́n jókòó ti ọ̀gá, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ dópin.

Ẹ rántí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wá sí Èkó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé bọ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894, tí ọnà ara ògiri rẹ̀ ṣì jẹ́ ìyanu títí di òní.

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àwa Èkìtì fẹ́ràn ìwé. Àwa olùkọ́ ni a wàásù rẹ̀, a kò sì kábàámọ̀. Àṣìṣe wa ni pé a jẹ́ kí ọmọ rò pé ẹni tí amọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fìdí rẹmi. Nítorí náà, a bẹ gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa: nígbà tí òjò bá dá, ẹ yan ilé àtijọ́ kan ní ìlú yín, ẹ pe àgbà tí ó mọ amọ̀, ẹ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní ọ̀wẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan; kí ògiri tó pa ẹnu dé, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.