Ọjọ́ Ọdún Kì í Ṣe Ọjọ́ Ìṣọ́lé

Bí ọdún bá ti ń súnmọ́ tòsí, ìbéèrè kan a máa jẹ yọ nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé: ta ni yóò ṣọ́ ilé? Ní ilé tí ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn bá wà, a kì í sábà dúró gbọ́ ìdáhùn. Ojú gbogbo ènìyàn a yí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. A ó gbé oúnjẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó tan rédíò fún un, a ó sì ṣèlérí pé a óò bu ìrẹsì àti ẹran bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó padà dé pẹ̀lú ìròyìn ayẹyẹ, òun náà a sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí.

Kì í ṣe ìkà ni ó ń mú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú ni, ìbẹ̀rù èrò sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà “arọ” kò dùn létí mọ́ lóde òní, àkàndá ènìyàn ni a ń wí. Síbẹ̀, ọgbọ́n inú òwe náà kò tíì gbó. Bí ogun tí a gbọ́ tẹ́lẹ̀ kò bá lè pa á, ọdún tí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò yẹ kí ó fi í sílẹ̀ sílé. Ẹsẹ̀ kọ́ ni ó ń sé e mọ́lé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àìpalẹ̀mọ́ àwa ará ilé ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Ọdún wo ni ó wù ú? Ṣé Iléyá ni, tàbí ọdún Lísàbí, tàbí ìpàtẹ ọjà ìparí ọdún? Ta ni ó fẹ́ kí ó máa ti àga òun? Wákàtí mélòó ni ó lè fi jókòó kí ara tó máa ro ó? Bí ó bá ní òun kò lọ, kò burú, bí ó bá ti jẹ́ pé òun ni ó yàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà wà tí wọn kò fẹ́ràn èrò. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa má ṣe sọ pé òun kò lọ nítorí pé ó ti rí ìnira lójú wa.

Àárò Lísàbí

Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ni ó mọ orúkọ Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà, ẹni tí ó gba àwọn Ẹ̀gbá sílẹ̀ lábẹ́ àjàgà Ọ̀yọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kí ó tó gbé idà, ẹgbẹ́ àárò ni ó kọ́kọ́ kó jọ: lónìí a ó ṣiṣẹ́ lóko tèmi, lọ́la a ó ṣiṣẹ́ lóko tìrẹ. Láàárín àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ni ó ti rí jagunjagun. Níwọ̀n ìgbà tí a ń ṣe ọdún Lísàbí ní Abẹ́òkúta, ó yẹ kí a mú àárò náà wọ inú ilé wa.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ti àga láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ìyá ọmọ tàbí ìyàwó kékeré ilé ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Bí ó ti ń rẹ ẹni tí ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń ti ẹni tí a ń tì. Ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ènìyàn mẹ́rin, wákàtí kan tàbí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ọkùnrin wà nínú wọn, nítorí pé òkè wà láti gùn.

Mo mọ̀ pé ìyàwó tuntun kò lè dédé pàṣẹ nínú ẹbí ọkọ. Bí ó bá jẹ́ àbúrò ọkọ tàbí ìyá ọkọ ni ó wà lórí àga, ẹ kọ́kọ́ bá ọkọ yín sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn àgbà ilé ní àkókò tí a ń jíròrò aṣọ ẹbí. Ibi tí a ti ń ka iye ọ̀pá aṣọ ni kí a ti ka iye ẹni tí yóò ti àga. Ẹni tí a bá ti ra aṣọ ẹbí fún, yóò ṣòro fún ẹbí láti fi í sílẹ̀ nílé.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú

Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa tẹ̀dó sí ní ọdún 1830, a kò sì lè rìn jìnnà nínú ìlú kí a má gun òkè tàbí kí a má sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọdún, kí ẹnì kan lọ wo ibi ayẹyẹ. Níbo ni ọkọ̀ lè dé? Gọ́tà wo ni ó wà lójú ọ̀nà? Àtẹ̀gùn mélòó ni? Níbo ni òjìji wà? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo ni àga lè wọ̀? Ẹ fi téèpù tí ẹ fi ń wọn aṣọ wọn fífẹ̀ àga náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ pákó sórí àtẹ̀gùn, ìwọ̀n tí àwọn mọ̀lẹ́mọ̀lẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí pákó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò dà ti kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ láàmú. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ yí àga padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáájú, kí ẹni tí ó dì í mú wà ní ìsàlẹ̀, kí ó sì máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dúró, ẹ fi bíréèkì sí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọjá àtẹ̀gùn, irin ìdí rẹ̀ tí kò ṣeé yọ ni kí ẹ dì mú. Ibi tí a ń gbé apá lé àti ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé lè yọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní Òkè Olúmọ, a fi ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ nígbà àtúnṣe ọdún 2006. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò, nítorí náà ẹ béèrè ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ yà sí Ìtòkú lọ wo àdìrẹ ní òwúrọ̀ kí èrò tó dí ibẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ na ọjà, kí ó sì yan àwọ̀ tí ó wù ú.

Àwọn ọdún kan ní ewu tiwọn. Níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin ń jó, ìbọn sì ń dún. Ẹ tètè dé, kí ẹ wá ẹ̀gbẹ́ kan tí ọ̀nà àbájáde wà, kí ẹ má sì ṣe dúró sí ibi tí ẹṣin ń gbà. Níbi egúngún, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ a sá bí pàṣán bá dìde. Ẹni tí ó wà lórí àga kò lè sá. Ẹ bá atọ́kùn sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì wà ní ìloro ilé ojúlùmọ̀ kan tí ó kọjú sí ìta. Yóò rí ìran náà dáadáa níbẹ̀.

Aṣọ, ìjókòó àti oúnjẹ

Aṣọ tí a rán fún ìdúró kì í bá ìjókòó mu. Ẹ jẹ́ kí bùbá mọ ní ìbàdí kí ó má ba à ká jọ sí itan. Ẹ rán ìró bíi síkẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, kí iwájú rẹ̀ gùn ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Kí bọ́tìnì, àpò tàbí ojú ìrán tí ó nípọn má ṣe wà lábẹ́ itan àti ìdí. Etí ìró, ìpèlé àti apá agbádá lè há sínú kẹ̀kẹ́, nítorí náà ẹ ká wọn lélẹ̀ dáadáa kí àga tó yí.

Tìmùtìmù fóòmù tí ó le díẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ fi àdìrẹ rán àpò rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí ó bá aṣọ mu. Bí a bá jókòó títí lójú kan náà, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dáadáa nínú ẹran ìdí, ibẹ̀ ni egbò burúkú sì ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí kì í mọ ìrora níbẹ̀. Kí ó máa fi ọwọ́ gbé ara sókè tàbí kí ó fi ara tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ní alẹ́, ẹ wo ìdí àti ìbàdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí ó pọ́n tàbí tí ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò sì lọ, kí ó má ṣe jókòó lé e mọ́ títí yóò fi sàn; bí kò bá tètè sàn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má ṣe gbé àwo oúnjẹ gbígbóná lé itan ẹni tí ara rẹ̀ kú, nítorí pé yóò bó kí ó tó mọ̀. Irin àga tí oòrùn pa náà lè jó o. Ẹni tí ó farapa ní ọ̀pá ẹ̀yìn lókè lè má lè làágùn bí ó ti yẹ, ooru a sì tètè mú un. Agbòòrùn, aṣọ tútù fún ọrùn àti omi mímu ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan kì í fẹ́ mu omi nítorí ìtìjú ìgbọ̀nsẹ̀. Ìwà bẹ́ẹ̀ lè fa àrùn ilé ìtọ̀. Ó sàn kí a wá ibi ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí a sì mú aṣọ tí a lè fi bò ó dání.

Ọ̀wọ̀ ni ọdún

Bí ẹ bá dé òde, àwọn ènìyàn yóò máa bi yín pé, “Ṣé yóò jẹun?” Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, “Ẹ bi í, ó ń gbọ́.” Àwọn mìíràn yóò fi owó sàráà sí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó wọ aṣọ ẹbí kì í ṣe alágbe; ẹ dá owó náà padà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jó, tí a sì ń ná an lówó bí a ti ń ná àwọn oníjó yòókù, ẹ jẹ́ kí ó gbà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Jíjó kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rántí Yinka Ayefele, tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní ọdún 1997. Láti orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni ó ti ń kọrin láti ìgbà náà wá, tí gbogbo àwa ẹlẹ́sẹ̀ sì ń jó títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Bí ẹni tí ó jókòó bá lè mú odidi agbo jó, ta ni yóò sọ fún ọmọ wa pé agbo kò gbà á? Èjìká, ọrùn àti ọwọ́ ń jó. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ̀yin fúnra yín wà lórí àga, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ yín lọ sí òde kí ó sì fi yín sílẹ̀. Ìyá ni ó yẹ kí ó fi egúngún han ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn yín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíyà àwọn àkàndá ènìyàn sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ọdún márùn-ún ni òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò láti ṣe ọ̀nà tí àga lè gbà wọlé, gbèdéke náà sì ti pé ní ọdún 2024. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá ń ṣètò ayẹyẹ, ẹ dìde béèrè pé: ọ̀nà àga ń kọ́? Bí ẹ bá yọ ìjókòó kan ṣoṣo kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lábẹ́ ìbòòrùn, ẹ ti ṣe àyè fún ẹnì kan.

Bí ọdún bá tún dé, tí a sì béèrè ẹni tí yóò ṣọ́ ilé, ẹ fi àgádágodo dáhùn. Ọdún á yabo fún gbogbo wa, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ó di oṣù tí ń bọ̀.