Ẹni Tí Yóò Wọ Ilé Òbí Fẹlá, Kó Kọ́kọ́ Kágò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá gbéra láti lọ wo ilé ìdílé Ransome-Kútì ní Ìsábọ̀, ní Abẹ́òkúta, nítorí pé inú ìdílé náà ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin tí gbogbo ayé mọ̀, ti jáde. Wọ́n ti tún ilé náà ṣe kí àwọn olùbẹ̀wò lè máa wò ó. Ohun tí ó dára ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kí olùkọ́ kó ọmọ lọ, kí àlejò sì ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wọ ilé onílé kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé.

Nínú àṣà Yorùbá, àlejò kì í já wọ ilé bí ewúrẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti dúró, tí yóò ké pé, “Àgò onílé o!” Ìgbà tí onílé bá dáhùn pé, “Àgò yà!” ni yóò tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Bí ó bá wọlé tán, yóò kí àgbà ilé, yóò jókòó síbi tí wọ́n bá fi hàn án, kò sì ní í yọjú sí yàrá láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Bí onílé bá ti di ará ọ̀run, àgò kò tíì parí, nítorí pé olùtọ́jú ilé àti àwọn ọmọ ìdílé ṣì wà láyé tí wọn yóò gbà á.

Ta wá ni onílé ní Ìsábọ̀? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Orúkọ Fẹlá ni ó gbé wọn wá, wọ́n sì rò pé ilé Fẹlá ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé àlùfáà ni, ilé olùkọ́ sì ni. Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Aya rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé náà. Òun ni ó ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ owó-orí, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, kí ó tó padà dé lẹ́yìn náà. Orin pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Fẹlá. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, ti kọ orin ìyìn Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ọdún mẹ́rìndínlógún kí a tó bí Fẹlá ní 1938. Ẹni tí kò bá mọ èyí, bí ó bá tilẹ̀ wọ gbogbo yàrá ilé náà, àlejò tí ó lójú tí kò fi ríran ni.

Àwọn ọ̀dọ́ kan lè sọ pé, “Fẹlá fúnra rẹ̀ kò ka òfin sí. Kí ni a ń bọ̀wọ̀ fún?” Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, nítorí pé ọkùnrin náà ju orúkọ Ransome nù, ó sì kọ ìsìn àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ju orúkọ Kútì nù. Ní oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ-ogun já wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ní 1979, Fẹlá gbé pósí lọ sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ ìjọba ológun ní Dodan Barracks nítorí ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe èyí kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni tàbùkù ilé ìyá òun. Ìdílé tí a ti já wọ ilé rẹ̀ láìkágò rí, ó yẹ kí àlejò kágò fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo ilé ni ó ní ìwà tí ó bá a mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ilé tí Fẹlá fi ara rẹ̀ gbé, kí ó lọ sí Kalakuta ní Ìkẹjà, èyí tí a ṣí fún ará ìlú ní 2012. Ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jó, ilé ìjó kò jìnnà. Sìgá, ariwo àti ijó kò yẹ ní pálọ̀ àlùfáà.

Àwọn òyìnbó náà kò fi irú èyí ṣeré. Ní Liverpool, ẹgbẹ́ National Trust ni ó ń tọ́jú ilé tí John Lennon àti Paul McCartney ti dàgbà. Àlejò kò lè dédé wọlé: ó gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n ń mú lọ pa pọ̀, a kì í sì í ya fọ́tò nínú ilé. Ilé McCartney wà láàárín ilé àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń gbé ìgbé-ayé wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ìsinmi. Òfin ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí Yorùbá ti fi àgò ṣe tipẹ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí yóò kó ọmọ lọ sí Ìsábọ̀ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ìtàn bàbá àti ìyá ilé náà. Kí àlejò kí olùtọ́jú ilé kí ó tó yọ kámẹ́rà, kí ó béèrè kí ó tó ya fọ́tò, kí ó má fi ọwọ́ kan ohun tí a tò síbẹ̀, kí ó má sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri. Bí ó bá ń jáde, kí ó dúpẹ́.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Fẹlá ni odò náà, Ìsábọ̀ sì jẹ́ ara orísun rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu níbẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.