Àrọ́bá Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí àrọ́bá ilé kan ti ń tako àrọ́bá ilé kejì, èwo ni ọmọ yóò dì mú?

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ girama. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún un, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n fún ẹni tí ó kà á, olùkọ́ rẹ̀ kò sì tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Màlámù Adamu Adamu, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà náà, dá a padà; wọ́n sì yan olùkọ́ 3,700 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ní 2025, ìjọba kéde pé dandan ni ìtàn Nàìjíríà láti kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìparí ìpele àkọ́kọ́ girama. Ohun tí ó ku àríyànjiyàn ni pé: ìtàn ta ni wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ?

Ìbéèrè yìí wúwo ní Igbudu, ní Warri, níbi tí Urhobo, Ìṣẹ̀kírì, Ijaw, Ìgbò àti Yorùbá ti jọ ń ná ọjà kan, tí àwọn ọmọ wọn sì jọ ń jókòó ní kíláàsì kan. Ní 1952, nígbà tí oyè Olu àwọn Ìṣẹ̀kírì di Olu Warri, awuyewuye náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yí orúkọ Ẹkùn Warri padà sí Ẹkùn Delta. Ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kan kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Kò sí ẹ̀yà tí kò gbé ìtàn tirẹ̀ lọ́wọ́ wọ ìjà náà.

Àwọn kan ní kí olùkọ́ fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má baà tú egbò àtijọ́. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n egbò tí a kò wẹ̀, tí a kàn fi aṣọ bò, yóò kẹ̀ ni. Ohun tí ó tọ́ ni kí ìwé ìtàn to ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti ìdájọ́ ilé-ẹjọ́, kí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1963, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni Warri àti Ìbàdàn wà. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá ní Igbudu mọ Nana Olomu, olówò ńlá Ìṣẹ̀kírì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní 1894, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó mọ Ogun Kírìjì.

Kí ìjọba pèsè olùkọ́ àti ìwé, nítorí àṣẹ nìkan kò kọ́ ọmọ. Kí àwọn òbí náà béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ẹni tí ń kọ́ ìtàn, àti ìwé tí ó fi ń kọ́ ọ. Bí ilé-ìwé bá dákẹ́, ìjà ni yóò ṣe olùkọ́.