Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Ṣe Ìṣirò Náà Fúnra Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ àwa òbí nínú, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ìyá kan nínú ìjọ wa mú bíró mẹ́ta wá bá mi lẹ́yìn ìsìn pé kí n gbàdúrà sí i, ọmọ òun fẹ́ ṣe JAMB. Mo gbàdúrà. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò náà ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá, bíró kọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn fún un. Èyí tó sọ tẹ̀ lé e ló dẹ́rù bà mí. Ó ní ti WAEC kò ní wàhálà, àwọn ti sanwó sí "miracle centre", JAMB nìkan ló kù fún àdúrà. Ẹ gbọ́ orúkọ! Ibi tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn fún ọmọ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run pè, àwa tí a mọ ohun tí iṣẹ́ ìyanu jẹ́ sì ń sanwó sí i. Láti ọdún 1999 ni òfin ilẹ̀ wa ti lòdì sí màgòmágó ìdánwò. Bí ìyá alárẹsì bá sì yí ìdí kóńgò rẹ̀ pa dà, ẹ̀yin náà ni ẹ ó kọ́kọ́ pariwo ọ̀daràn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan wò. Obìnrin kan ra ọjà ní N800, ó tà á ní N1,000. Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò mú 20, nítorí wọ́n fi 1,000 pín èrè N200 náà. Iye tó rà á la fi ń pín in, kì í ṣe iye tó tà á, nítorí náà 25 ni ìdáhùn. Ẹni tó ṣètò ìbéèrè mọ̀ pé wọn yóò ṣì í báyìí, á sì fi 20 dè wọ́n láàárín ìdáhùn mẹ́rin. Ọmọ tó há a sórí pé "C ni ìdáhùn nọ́ńbà 14" kò rí pàkúté yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á yí N800 pa dà sí N1,250, C rẹ̀ á sì di òfo.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tiwa, pẹ́ńsù la fi ń kun ojú ìdáhùn. Mo ra ìwé ìbéèrè àtijọ́, mo há A, C, D, B sórí bí ẹni ń há Sáàmù, ọdún méjì gbáko ló sì lọ lórí ìyẹn. Pólì ni mo padà lọ, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà yẹn pé kí n bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí n ṣe ìṣirò náà, kí n wá ibi tí mo ti ṣì í, kí n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láìwo ìwé. Ìbéèrè mẹ́wàá lójúmọ́ lọ́nà yìí sàn ju igba lọ ní òru ọjọ́ kan.

Kí ó kọ́kọ́ ṣe é láìwo aago. Bó bá ti mọ ọ̀nà, kí ó wá gbé aago síwájú: ìbéèrè 180 ni wákàtí méjì, 40 nínú rẹ̀ sì ni ìṣirò fún ẹni tó bá mú un. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan! Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni ó lè fi ṣe gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: A, B, C, D láti dáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S àti R láti parí tàbí yí èrò padà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí á fi àkókò ṣòfò níbi wíwá wọn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ìdájọ́ òdodo tí a ń pariwo. Ọmọ olówó ní tíṣà lẹ́sìn, ó ní kọ̀ǹpútà, ó ní jẹnẹrétọ̀. Ọmọ tó ń kiri omi lẹ́yìn iléèwé kò ní, ìdánwò kan náà ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gbọ̀ngàn wa, tó ní iná àti àga, ti pa lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti jáde yunifásítì wà nílé, wọ́n ń wáṣẹ́. Mo ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀, méjì ti gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láìgba kọ́bọ̀.

Ohun tó kù ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn àti epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ya owó sọ́tọ̀ fún "miracle centre", ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá ra epo. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti wọlé, tí ìwé ìbéèrè àtijọ́ ń jẹ eruku nílé yín, ẹ kó o wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ìdáhùn, ẹ kọ́kọ́ bá wa pa á rẹ́.